Físà ọkọ, aya àti civil partner sí Ìlú Ọba: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ kún ojú òṣùwọ̀n

Ìgbéyàwó nìkan kì í gba físà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá ti ṣe ìdána, tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí so yìgì, tí wọ́n sì ti gba ìwé ẹ̀rí ní registry, ó kù kí ẹni tó wà ní Ìlú Ọba ránṣẹ́ sí èkejì rẹ̀ kó máa bọ̀. Òfin ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó wà lára ohun tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń rí sí físà, ń wò, àmọ́ òun kọ́ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Owó oṣù ẹni tó wà lọ́hùn-ún, bí ìwé owó oṣù náà ṣe bá ìwé báńkì mu, àti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn, tó fẹ́ lọ bá èkejì rẹ̀ gbé ní Ìlú Ọba, ni mo kọ èyí fún. Orúkọ òfin tó dá lé e lórí ni Appendix FM, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012. Òfin kan náà ló wà fún ọkọ, aya, civil partner (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì), àfẹ́sọ́nà, àti àwọn tí kò ṣègbéyàwó ṣùgbọ́n tí wọ́n ti jọ wà bíi tọkọtaya fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí mo ṣe tò wọ́n, torí bí ti àkọ́kọ́ kò bá já, ẹ ò ní náwó sórí ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: irú páálí wo ló wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló lè gba ọ̀nà yìí mú ọkọ tàbí aya wá. Àwọn tó lè ṣe é ni ọmọ ilẹ̀ Britain tàbí Ireland, ẹni tó ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí ayé, tí wọ́n ń pè ní indefinite leave to remain tàbí settled status, ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ní pre-settled status tó sì ti ń gbé ibẹ̀ kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, àti ẹni tí ìjọba ibẹ̀ ti gbà sílẹ̀ pé ó sá wá fún ààbò ẹ̀mí rẹ̀.

Bí èkejì yín bá wà níbẹ̀ lórí físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Dependant ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti sé e mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2024 kò lè mú ẹbí wá mọ́, àyàfi bó bá ń ṣe PhD tàbí irú ìwádìí ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìjọba bá ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà iṣẹ́ care, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera, kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ tẹ̀ lé e. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí àwọn tó ń san owó fún ejẹ́ǹtì lórí físà aya pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ wọn ṣì wà lórí físà care, tí kò tíì sún mọ́ páálí títí ayé rárá. Ejẹ́ǹtì tó gba owó yẹn kò béèrè ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fojú kan ara yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ orí vídíò nìkan lẹ ti ń rí ara yín, kí ọ̀kan wọkọ̀ òfuurufú lọ bá èkejì ná. Kí ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti òǹtẹ̀ inú pàsípọ́ọ̀tù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbà wọlé

Àwọn tó ti ṣègbéyàwó mọ tiwọn. Civil partnership ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó jẹ́ àjọṣepọ̀ tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2005. Ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2019, ọkùnrin àti obìnrin náà lè ṣe é ní England àti Wales. Lójú òfin físà, bí ìgbéyàwó ṣe rí ló rí gẹ́lẹ́: owó kan náà, ẹ̀rí kan náà, iye ọdún kan náà.

A ò ní civil partnership ní Nàìjíríà. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 tún sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì láti fẹ́ ara wọn tàbí wọ irú àjọṣepọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ìforúkọsílẹ̀ wọn kò lè wáyé nílé. Ilẹ̀kùn méjì ló wà fún wọn. Àkọ́kọ́ ni físà ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe civil partnership, olóṣù mẹ́fà. Èkejì ni ti alábàágbé tí kò ṣègbéyàwó, ìyẹn unmarried partner, bí àjọṣe wọn bá ti pé ọdún méjì. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024, kò pọn dandan kí àwọn tó ń gba ilẹ̀kùn kejì yìí ti gbé inú ilé kan náà fún ọdún méjì gbáko. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé àjọṣe náà ti rí bíi ti tọkọtaya fún ọdún méjì, àti pé ìdí gidi wà tí wọn kò fi jọ gbé. Pé òfin ìlú ẹni kò gbà á jẹ́ ìdí gidi. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín kedere.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀mí yín. Ẹ má kọ fọ́ọ̀mù náà ní cybercafé, ẹ má tẹ fọ́tò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín jáde ní business centre àdúgbò, ẹ má sì fi ímeèlì yín sílẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa fi ìwé ránṣẹ́, fóònù ara yín sì tó láti yàwòrán àwọn ìwé náà. Kí ẹni tó wà ní Ìlú Ọba ṣe ìyókù.

Ní ti físà àfẹ́sọ́nà, oṣù mẹ́fà ni. Ẹni tó bá fi wọlé kò lè ṣiṣẹ́, inú oṣù mẹ́fà yẹn ló sì gbọ́dọ̀ ti ṣègbéyàwó tàbí civil partnership. Ẹ fi sọ́kàn pé ní England àti Wales, ẹ máa kọ́kọ́ lọ fi tó registry létí, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 28 gbáko kí wọ́n tó so yín pọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa tún kọ fọ́ọ̀mù mìíràn níbẹ̀, tẹ́ ẹ ó sì tún san owó mìíràn. Èrò tèmi ni pé bí ẹ bá lè ṣe registry nílé, ẹ ṣe é nílé. Ìnáwó méjì ni físà àfẹ́sọ́nà, àárín ìnáwó méjèèjì sì jẹ́ oṣù mélòó kan tí ẹnì kan ṣoṣo á fi máa bọ́ ẹni méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé ìgbéyàwó yín dúró lójú òfin?

Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin Nàìjíríà, Ìlú Ọba sì máa ń gba ìgbéyàwó tó bá òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é mu. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹ̀rí. Fídíò ibi tí ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ ti jókòó, tí wọ́n to ẹrù ìdána kalẹ̀, wúlò púpọ̀, àmọ́ kò dípò ìwé. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ẹ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù ìbílẹ̀, kí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sì búra ní kóòtù. Ẹni tó bá ti ní ìwé registry, ìṣòro rẹ̀ níbí kéré.

Ní ti ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ tí kò tíì tú ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti ṣe registry tàbí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ìjọba rí, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ kò lágbára láti tú u ká. Kí ẹbí kó owó orí padà kò tú u ká. Kí àwọn méjèèjì ti pín yà fún ọdún mẹ́wàá kò tú u ká pẹ̀lú. Ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u. Yóò kọ́kọ́ fún yín ní decree nisi, ìyẹn ìdájọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni yóò tó di decree absolute, èyí tó tú u pátápátá. Decree absolute ni Home Office fẹ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn kí ó tó gbà á, ìgbéyàwó kejì yẹn kò dúró lójú òfin, físà tó bá sì béèrè lórí rẹ̀ kò ní í rí gbà. Bó bá jẹ́ pé ikú ló gba ẹni àkọ́kọ́, ẹ wá ìwé ẹ̀rí ikú.

Olórogún náà, òfin kò gbà kí ìyàwó méjì wọlé lórí ọkọ kan. Bí ìyàwó kan bá ti gba físà wá bá ọkọ rí gẹ́gẹ́ bí aya, tí ìgbéyàwó yẹn kò sì tíì tú, èkejì kò lè gba irú rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti fi Ìlú Ọba ṣe ilé tí kò ní èrò àtipadà wálé mọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i, torí òfin ibẹ̀ lè má ka ìyàwó kejì tó wálé fẹ́ sí ìyàwó rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí dáadáa.

Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, iye tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún ni £29,000 lọ́dún, kí ìjọba tó yọ owó orí kúrò. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti gba físà yìí lórí èkejì rẹ̀ kan náà kó tó di ọjọ́ yẹn, iye àtijọ́ ni wọn yóò máa fi wò ó bó bá fẹ́ tún un ṣe. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ kò fi kún iye náà mọ́. Bí ẹ bímọ mẹ́rin, £29,000 náà ni.

Owó iṣẹ́ ta ni wọ́n ń kà? Bí ẹ bá ń béèrè láti òde Ìlú Ọba, owó iṣẹ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún nìkan ni. Owó oṣù tẹ́ ẹ ń gbà ní báńkì tàbí ilé iṣẹ́ epo ní Èkó, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò wọ ìṣirò yìí. Owó ilé tó ń wọlé, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìpamọ́ ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n lè kà.

Ká ní Kẹ́mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Manchester, £30,500 lọ́dún. Bó bá ti lò tó oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn, tí owó náà kò sì fìgbà kan wálẹ̀ kọjá £29,000 láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, ó ti kógo já. Ìlànà A ni wọ́n ń pè é. Ká wá ní inú oṣù kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́. Ó lè dúró di oṣù kẹsàn-án kó lè pé oṣù mẹ́fà. Tí kò bá fẹ́ dúró, ìlànà B wà. Níbẹ̀, owó tó ń gbà báyìí gbọ́dọ̀ tó £29,000 lọ́dún, àròpọ̀ ohun tó gbà ní oṣù 12 tó kọjá náà sì gbọ́dọ̀ tó £29,000. Bó bá ti jókòó sílé láìníṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin nínú ọdún yẹn, ó lè ṣòro kí àròpọ̀ náà tó o, á sì dára kó dúró.

Ẹni tí owó rẹ̀ ń lọ sókè sódò, bí àwọn tó ń ṣe shift, wọ́n á ro oṣù mẹ́fà pọ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Fún un, àròpọ̀ oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ tó £14,500. Kó lọ ṣírò rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Bó bá kù díẹ̀, kó gba shift sí i fún oṣù méjì, kó sì tún un ṣírò.

Ìwé tí wọ́n fẹ́ rí ni payslip (ìwé owó oṣù) ti oṣù mẹ́fà, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà kan náà tó fi hàn pé owó náà wọlé, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ ipò, owó ọdún, ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ (ti títí ni tàbí ti ìgbà díẹ̀), àti ìgbà tí owó náà ti wà ní iye yẹn. Ẹ gbé payslip sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwé báńkì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí payslip oṣù karùn-ún bá sọ pé owó tó bọ́ sọ́wọ́ lẹ́yìn owó orí jẹ́ £2,091.40, £2,091.40 yẹn gan-an ni kó hàn ní báńkì, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń pín owó náà sí báńkì méjì, ẹ fi ìwé báńkì méjèèjì ránṣẹ́. Bí oṣù kan bá sọnù nínú mẹ́fà, ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Ìwé tó gbẹ̀yìn nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 28 lọ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ iye kọ̀ọ̀kan lórí ìwé méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí òṣìṣẹ́ Home Office náà máa ṣe nìyẹn.

Bí owó iṣẹ́ kò bá tó, owó ìpamọ́ lè dí i. £16,000 àkọ́kọ́ kò wọ ìṣirò. Ohun tó lé lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì pín in sí méjì àbọ̀. Ká ní £26,000 ni Kẹ́mi ń gbà: ó ku £3,000. £3,000 lọ́nà méjì àbọ̀ jẹ́ £7,500. Ẹ fi £16,000 kún un, ó di £23,500. Bí kò bá sí owó iṣẹ́ rárá, £88,500 ni. Owó náà gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì lórúkọ yín fún oṣù mẹ́fà láìsọ̀kalẹ̀ kọjá iye yẹn. Náírà náà ṣeé lò, wọ́n á yí i sí pọ́n-ùn. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ òbí kò burú, bó bá ti pé oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ yín. Owó tẹ́ ẹ yá kò ṣeé lò. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ tàbí ilé tó jẹ́ tiyín, owó rẹ̀ lè wọlé láìdúró oṣù mẹ́fà, bí ìwé bá wà pé tiyín ni kí ẹ tó tà á, àti iye tẹ́ ẹ tà á.

Oníṣòwò tara ẹni ní Ìlú Ọba kò lè fi owó ìpamọ́ kún èrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà yìí. Èrè ọdún owó orí tó parí kẹ́yìn, tó máa ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, tàbí ìdajì àròpọ̀ ọdún méjì tó kẹ́yìn, ni wọ́n máa wò. Ẹni tó ń dín èrè rẹ̀ kù lórí ìwé kó lè san owó orí díẹ̀, ìwé yẹn kan náà ni yóò dúró níwájú òṣìṣẹ́ físà.

Bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ń gba owó ìrànwọ́ fún àìlera, bíi Personal Independence Payment, tàbí Carer's Allowance torí ó ń tọ́jú aláìlera, òfin £29,000 kò dè é. Kó fi hàn pé owó tó wà tó wọn jẹ. Ọ̀pọ̀ kò mọ èyí, wọ́n sì ń fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀.

Ní ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba dájọ́ nínú ẹjọ́ MM (Lebanon) pé iye owó tí ìjọba là sílẹ̀ bá òfin mu, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wo ire ọmọ àti àwọn orísun owó mìíràn bó bá jẹ́ pé kíkọ̀ á ṣe ẹbí ní ìpalára tó le. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà. Àmọ́ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gba ibẹ̀ dé páálí títí ayé dípò ọdún márùn-ún, ó sì fẹ́ lọ́yà gidi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé, Gẹ̀ẹ́sì, ikọ́ ẹ̀gbẹ

Àwọn mẹ́ta yìí kò le. Ẹ ò gbọ́dọ̀ há jù nínú ilé náà. Bí ẹ bá jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ó kéré tán kí yàrá kan jẹ́ tiyín nìkan. Ìwé àdéhùn ilé àti lẹ́tà onílé ti tó, bí ó bá sọ iye yàrá àti iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi kàwé. Ẹ lè ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbọ́ ní ìpele A1, bíi IELTS Life Skills. Ìpele ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni. Ẹ rí i dájú pé èyí tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ni, torí IELTS lásán fún ilé ìwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ti gba digirí ní yunifásítì Nàìjíríà lè gba ìwé lọ́dọ̀ UK ENIC, àwọn tó ń fi ìwé ẹ̀rí òkèèrè wé ti Ìlú Ọba, pé digirí náà tó ìwọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ẹni tó ti pé ọdún 65, tàbí tó ní àìlera tí kò jẹ́ kó lè ṣe é, kò nílò rẹ̀.

Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ilé ìwòsàn tí Home Office fọwọ́ sí. Ti IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, wà ní Èkó àti Àbújá. Oṣù mẹ́fà ni ìwé rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é kí ìwé owó tó pé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí wọ́n rí i pé òtítọ́ ni

Ẹ ò nílò ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Tí mo bá ń bá ẹnì kan to ẹ̀rí, mo máa ń sọ pé kó mú nǹkan díẹ̀ láti ìgbà kọ̀ọ̀kan: ìgbà tẹ́ ẹ pàdé, ìgbà tẹ́ ẹ mọ ẹbí ara yín, ìdána, ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, oṣù tí kò sí ìrìn àjò. Rìsíìtì owó tó ń wá láti Ìlú Ọba, tíkẹ́ẹ̀tì, àwòrán pẹ̀lú òbí, àkọsílẹ̀ ìpè fóònù. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì, ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, nípa bí ẹ ṣe pàdé àti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé. Bí lẹ́tà méjèèjì bá jọ ara wọn ní gbólóhùn kan sí èkejì, wọ́n á mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ ọ́.

Bí ẹ bá ń fi Yorùbá bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, gbogbo ojú ìwé tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ láti ọ̀dọ̀ ògbufọ̀ tó kọ orúkọ rẹ̀, tó fọwọ́ sí i, tó sì kọ ọjọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ yan ojú ìwé díẹ̀ tó tàn ká ọdún tẹ́ ẹ ti jọ wà.

Ẹ yẹ orúkọ wò. Adébáyọ̀ lórí pàsípọ́ọ̀tù, Bayo lórí ìwé báńkì, orúkọ bàbá lórí ìwé ìgbéyàwó, orúkọ ọkọ lórí NIN: ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, kí ẹ sì fi ìwé ìbúra náà sí i. Ọjọ́ orí tó bá yàtọ̀ léwu ju orúkọ lọ. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó béèrè.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè bá yín wá. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn lẹ bí i fún, tí onítọ̀hún wà láàyè, wọ́n á fẹ́ rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá bùkátà ọmọ náà gbé: lẹ́tà ilé ìwé, ìwé owó ilé ìwé, ìwé dókítà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀yìn yín mọ́ bí?

Wọ́n á wo ẹ̀wọ̀n, gbèsè NHS (ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba) tó bá tó £500, àti bóyá ẹ ti kọjá ọjọ́ físà yín rí. Kíkọjá ọjọ́ rí kò túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀nà mọ́ fún ẹni tó wà nínú ìgbéyàwó tòótọ́, bí ẹ bá sọ ọ́ fúnra yín. Ìwé ayédèrú ló ń pa èèyàn. Ìwé báńkì kan ṣoṣo tí ejẹ́ǹtì bá yí lè mú kí wọ́n kọ̀ yín, kí wọ́n sì tì yín mọ́ ìta fún ọdún mẹ́wàá, bí gbogbo ìyókù tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Físà tí wọ́n kọ̀ fún yín rí, yálà ti Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó bá fi físà àlejò wọ Ìlú Ọba kò lè jókòó síbẹ̀ yí i padà sí ti aya. Ó gbọ́dọ̀ padà wálé wá béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lórí físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ lè yí i níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sísanwó àti fífi ránṣẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n sọ owó fọ́ọ̀mù láti òde di £1,938. Owó ìlera, £1,035 lọ́dún, wà lórí rẹ̀. Físà àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù 33, wọ́n á kà á sí ọdún mẹ́ta: £3,105. Ó di £5,043 fún ẹnì kan nígbà náà, láìka ìdánwò àti àyẹ̀wò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan san owó fọ́ọ̀mù kan náà, owó ìlera tirẹ̀ sì jẹ́ £776 lọ́dún. Oṣù kẹrin ni wọ́n sábà máa ń fi owó fọ́ọ̀mù kún un. Ẹ wo GOV.UK, ìkànnì ìjọba ibẹ̀, ní ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ san gan-an.

Lẹ́yìn owó, ẹ máa lọ tẹ̀ka, ẹ ó sì fi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń sọ. Ẹ má jọ̀wọ́ iṣẹ́, ẹ má sì jọ̀wọ́ ilé kí èsì tó dé. Lẹ́yìn oṣù 33, ẹ ó tún un ṣe fún ọdún méjì àbọ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ìpele A2. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún lẹ lè béèrè páálí títí ayé.

Bí wọ́n bá kọ̀, lẹ́tà wọn yóò sọ ìdí. Ẹni tó wà lóde ní ọjọ́ 28 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní First-tier Tribunal, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba: £80 bó bá jẹ́ orí ìwé nìkan, £140 bí adájọ́ bá máa gbọ́ yín. Bó bá jẹ́ payslip kan ló sọnù, ó sábà máa ń yá jù kí ẹ tún béèrè ju kí ẹ dúró de kóòtù. Bó bá jẹ́ pé wọ́n sọ pé ìgbéyàwó yín kì í ṣe òtítọ́, ẹ pe ẹjọ́, torí ọ̀rọ̀ yẹn yóò máa tẹ̀ lé yín bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá ń gba owó lórí ìmọ̀ràn físà gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tàbí kó ní ìwé Immigration Advice Authority, tí wọ́n ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀. Ọ̀daràn ni ẹni tó bá ń ṣe é láìní i. Ẹ béèrè nọ́mbà rẹ̀, kí ẹ sì wá a nínú ìwé orúkọ wọn kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.